Obìnrin Tí Màmá Ìgandò Kò Rí Orúkọ Fún

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí ìyá ìyá mi, ilé ìwé tó lọ, àwọn ìlú tó ti ṣe tísà àti iye ọmọ tó fi sáyé lọ, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ìwé ètò ìsìnkú. Àwọn àbúrò ìyá mi ló kọ ọ́, wọn ò sì purọ́. Wọ́n ní onínúure ni, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó fẹ́ràn tọmọdé tàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, òkú wo ni wọn kì í kọ ìyẹn fún? Mo ka ìwé ọ̀hún láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí Màmá Ìgandò níbẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ ìwé ìtàn tó fi ọdún gbọọrọ kọ. Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n ta ni màá bá jà nínú ilé ọ̀fọ̀? Mo pa ẹnu mi mọ́, mo wá jókòó síbí láti kọ tèmi.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé Màmá kì í bá ènìyàn pàdé kó má béèrè orúkọ ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní Ìgandò ni mo ti dàgbà, èmi ni mo máa ń bá a gbé ẹrù bí a bá lọ sọ́jà Ìkòtún, ìyà yẹn sì jẹ mí tó. A ó dúró nídìí aláta, oòrùn á máa pa mí, apẹ̀rẹ̀ á wà lórí mi, Màmá á ti gbàgbé ata. Ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà ló ń wò. "Kí lorúkọ ẹ̀? Bísí? Bísí lásán? Àbí Adébísí? Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé yín nígbà tẹ́ ẹ bí i?" Obìnrin tó ti ń kánjú tajà tẹ́lẹ̀ á wá gbé àpótí fún Màmá, á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ìyá ọkọ. Kí a tó délé, ata ti rọ̀.

Nígbà kan, àwọn ọlọ́pàá dá mọ́tò wa dúró lójú ọ̀nà Ìgandò. Ọ̀kan nínú wọn, gìrìpá ọkùnrin tó lejú koko, ní kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Màmá bọ́ sílẹ̀, ó kí i, ó ní, "Ọmọ mi, kí lorúkọ ẹ?"

"Màmá, ẹ lọ dúró lọ́hùn-ún jàre."

Màmá ò lọ. "Mo ní kí lorúkọ tí bàbá ẹ sọ ẹ́?"

Mo rò pé wọ́n máa tì wá mọ́lé ni. Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọtúndé, mà."

"Ọmọtúndé! Ta ló kú kí wọ́n tó bí ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà."

Màmá bá a kẹ́dùn bí ẹni pé àná ni ẹ̀gbọ́n náà kú. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi ní kí dírẹ́bà máa kó wa lọ. Mo jókòó sínú mọ́tò, Màmá ń tún gèlè ẹ̀ wé. Ó ní, "Ẹni tó bá ti sọ orúkọ ẹ̀ fún ẹ, ojú á máa tì í láti fìyà jẹ ẹ́."

Ẹjọ́ ajá náà ńkọ́? Ọkọ Ìyá Ṣọlá, onílé òdìkejì wa, ní aáwọ̀ ààlà ilẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò fẹ́ bá a jà lójú gbangba, ló bá lọ ra ajá, ó sọ ọ́ ní Ojúkòkòrò. Láàárọ̀ kùtù, á dúró sójú ọ̀nà, á pariwo, "Ojúkòkòrò! Ojúkòkòrò, o ò ní yó láé!" Gbogbo wa la mọ̀ pé ajá kọ́ ló ń bá wí, a sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó sọdá lọ bá a, ó ní bó bá lẹ́jọ́ kó lọ rò ó níwájú baálẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ajá mi ni mò ń pè o." Wọ́n fà á títí, ó tó ìgbà kan tí wọn ò fi kí ara wọn mọ́. Lójú tèmi, àṣejù ni. Mo ní, "Màmá, ajá lásán ni, jàre." Ó ní, "Orúkọ kì í ṣe òkò tí à ń sọ luni."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn, torí òun ló padà dá gbogbo wa lágara.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Ilé ò tíì pọ̀ ní Ìgandò, igbó ṣì wà lẹ́yìn kùlé wa. Bó bá ti jẹun ọ̀sán tán, á gbé tábìlì kékeré sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa kọ. Kì í kọ ohun tí kò bá kà síta. Á kọ ìlà kan, á kà á, á bínú sí ẹni tó wà nínú ẹ̀, á ní, "Ìwọ náà ò ní sùúrù," á pa á rẹ́. Ìyá mi, tó ń gbé ní Ẹgbẹ́dá tó sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ò fara mọ́ ọn rárá. Bó bá wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé, ohun tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Màmá, àwọn ẹgbẹ́ yín ń sinmi, ẹ̀yin ń fi ojú yín ṣe iṣẹ́ tẹ́nì kan ò rán yín."

"Bó jẹ́ pé ẹnì kan ló rán mi ni, ǹ bá ti jẹ́ ẹ tán."

Ẹni tó fẹ́ràn ìwé náà jù ni Sìdí, ìyàwó káfíńtà tó yá yàrá lẹ́yìn ilé wa. Ògbómọ̀ṣọ́ lòun àti ọkọ ẹ̀ ti wá. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò tíì bí, ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn sì ń sọ sí i ò ṣeé gbọ́. Á gbé ìdáná ẹ̀ súnmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè máa gbọ́ bí Màmá ṣe ń kà. Bó bá sì ti ọjà dé, kó tó sọ ẹrù, á béèrè pé, "Màmá, ṣé ọmọ yẹn ṣì wà láyé?"

Ọmọ inú ìwé ló ń béèrè. Ìyá ọmọ náà fà á lé àbúrò ẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ kó tó kú. Àbúrò yìí gba ọmọ, ó gba aṣọ, ó gba oko kòkó tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi sílẹ̀, ó wá sọ ọmọ di ẹrú. Lọ́jọ́ tí àìsàn dá ọmọ náà gúnlẹ̀, obìnrin náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta, ó gba ọjà lọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn lọmọ náà kú sí, ó ń bẹ̀bẹ̀ omi. Ọjọ́ tí Màmá ka ibẹ̀ yẹn, Sìdí sunkún débi tí ọbẹ̀ ẹ̀ fi jóná.

Gbogbo ènìyàn inú ìwé yẹn ló lórúkọ, títí kan ẹni tó wá ra ẹmu lẹ́ẹ̀kan tí kò padà wá mọ́. Obìnrin tó ti ilẹ̀kùn nìkan ni kò ní. "Obìnrin Yẹn" ni Màmá ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo bi í bóyá ìtàn náà ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa rí. Ó wò mí bí ẹni wo dìndìnrìn. "Bó bá ṣẹlẹ̀ ni, ṣé mi ò ní mọ orúkọ ẹ̀ ni?"

Ẹnì kan tó kọ́ rí nílé ìwé ló júwe ilé ìtẹ̀wé kan fún un n'Ìbàdàn. Ó ní olóòtú wà níbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ dunjú, tó máa ń ka ìwé téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, tó sì máa ń sọ ibi tó kù sí. Màmá gbé ìwé náà fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ní Ìkòtún. Ẹ̀rọ náà ò ní àmì ohùn, nítorí náà Màmá jókòó, ó fi ọwọ́ fi àmì sí gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. A fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní kí a máa bọ̀.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lolóòtú náà, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó sùn lọ. Màmá bi í lórúkọ, ó dá a lóhùn kíá, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kójú tì í o. Ó ti fi báírò pupa fàlà sí ìwé Màmá láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, àfi bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́ ya lára. Báírò Pupa ni Màmá sọ ọ́ látọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Mo rán an létí ọ̀rọ̀ ajá. Ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́.

Báírò Pupa ní ìwé náà ò bẹ̀rẹ̀ títí di orí kẹta. Ó ní orí méjèèjì tó ṣáájú, ìkíni ni, wọ́n kàn ń kí ara wọn kúulé ni. Ó ní bí ẹnikẹ́ni inú ìwé náà bá ti la ẹnu, òwe ló ń dà jáde, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń bínú kì í ráyè to òwe jọ. Màmá ní, "Bóyá wọn kì í pòwe níbi tí wọ́n ti tọ́ ìwọ." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ti rò pé ìjà máa dé. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń padà bọ̀, Màmá yọ orí méjèèjì nínú ìwé, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Òótọ́ ló sọ. Lọ fún ìyá ẹlẹ́pà kó fi pọ́n ẹ̀pà."

Ohun kan ló kù tí ò gbà. Báírò Pupa ti ní, "Màmá, gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti kọ Obìnrin Yẹn ni mo fàlà sí. Ẹ fún un lórúkọ."

"Mi ò ní fún un."

"Kí ló dé, mà?"

"Orúkọ ọmọ ta ni kí n bàjẹ́?"

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́ rí i, Màmá, ẹni tó ń kàwé ò lè bínú sí ẹni tí kò mọ orúkọ ẹ̀."

Màmá kó ìwé ẹ̀ jọ, ó dìde. Ó yà mí lẹ́nu, torí mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni pa á lẹ́nu mọ́ rí.

Ẹ gbà mí, ojú wa rí nǹkan lọ́dún yẹn! Ó kọ Bísí síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rántí ọmọ aláta, ó pa á rẹ́. Ó kọ Ṣadé. Ṣadé ló ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń pọn omi fún un nígbà tẹ́sẹ̀ ń dùn ún. Ó pa á rẹ́. Ó kọ Dúpẹ́. Ìyá mi ni Dúpẹ́, ẹ lè fojú inú wo ariwo tó sọ. Ó wá kọ orúkọ Òyìnbó, Rósì, ó fi ránṣẹ́ láti fi gbọ́ tẹnu Báírò Pupa. Ọkùnrin náà ní obìnrin oko kòkó wo ló ń jẹ́ Rósì? Nígbà tó sú mi, mo ní, "Màmá, ẹ kúkú fún un lórúkọ ajá ọkọ Ìyá Ṣọlá." Ó ní, "Kí lajá ṣe fún mi?"

Orí ara ẹ̀ ló ti wá rí i níkẹyìn: Ayéwùmí. Ó bi àwọn ará Ìkòtún, ó bi àwọn ará Ìpájà, ó bi àwọn tó ń kọ́lé sínú oko ní Ayọ̀bọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fi sínú ìwé. Ẹ wò ó, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀. Obìnrin tí mi ò rí ojú ẹ̀ látijọ́ wá di ẹni tí mo lè nàka sí lọ́jà. Ayéwùmí ti ilẹ̀kùn. Ayéwùmí ra aṣọ tuntun. Mo kórìíra obìnrin náà débi pé bí mo bá ń fọ abọ́, mò ń bá a jà lẹ́nu. Báírò Pupa mà mọ iṣẹ́ ẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Sìdí ò gbọ́ orúkọ yìí rárá. Àsìkò yẹn gan-an ni Ọlọ́run dá a lóhùn, ó lóyún. Ọkọ ẹ̀ wá bẹ Màmá pé aboyún ò gbọdọ̀ máa gbọ́ ìtàn ikú ọmọ. Màmá ní òótọ́ ni, ó gbé tábìlì ẹ̀ wọ yàrá, ó ń ti ilẹ̀kùn kó tó kàwé. Èmi nìkan ni mò ń bá a gbọ́ ọ.

Báírò Pupa ránṣẹ́ pé ìwé ti di ìwé, wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ó ní ìwé títẹ̀ ti wọ́n gógó, èyí tí wọ́n bá lè mú wọ ilé ìwé gírámà nìkan ni wọ́n ń gbà, ó sì dá òun lójú pé tiwa máa wọ̀ ọ́. Màmá ra míníràlì fún gbogbo ilé. Ìyá mi pàápàá mu tiẹ̀. Wọ́n wá kó ìwé náà ránṣẹ́ padà kí Màmá kà á wò nígbà ìkẹyìn, kó wo àṣìṣe tó bá kù. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Sìdí bí ọmọbìnrin.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àlùfáà ṣe tiẹ̀, ó sọ ọmọ ní Ráfíátù. Wọ́n wá gbé abọ́ omi káàkiri fún àwọn àgbà, bí a ṣe máa ń ṣe é: ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ á ju owó sínú omi, á sì pè é. Wọ́n ti pe orúkọ bíi mélòó kan kí abọ́ tó dé iwájú Màmá. Sìdí ní kí wọ́n dúró ná. Ó gbé ọmọ dání, ó ní, "Gbogbo orúkọ tẹ́ ẹ fún un la gbà, Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí Màmá bá pè la ó máa pè é nínú ilé yìí. Nígbà tí wọ́n ń pè mí ní àgàn, Màmá ló ń pè mí ní ìyá ọmọ."

Màmá ò retí ẹ̀. Omi dé sí i lójú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn tó ti ń ka ìwé náà wò, orúkọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nínú oúnjẹ, nínú àdúrà pàápàá. Ó ju owó sínú omi. Mò ń wo ẹnu ẹ̀. Mo mọ ohun tó ń bọ̀.

"Ayéwùmí," Màmá ní.

Àlùfáà gbà á lẹ́nu ẹ̀. "Ayéwùmí! Kí ayé wù ú, kóun náà wu ayé!" Gbogbo ilé ṣe àmín. Sìdí ń sunkún ayọ̀. Ìka Màmá ṣì wà nínú abọ́ omi, kò yọ ọ́, àfi ìgbà tí ẹni tó gbé abọ́ rọra tì í lọ́wọ́.

Ta ló ń gba orúkọ padà lẹ́nu àlùfáà? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Màmá wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò jẹ nínú oúnjẹ ìkómọ. Mo ní kí a lọ bá Sìdí, kí a ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Kí n ní kí ni? Pé ọmọ tó fi omijé bí, orúkọ apànìyàn ni mo sọ ọ́?"

A gbé ìwé náà, a padà sí Ìbàdàn. Báírò Pupa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní kí Màmá má dààmú, orúkọ lásán ni. Màmá ní kò sí orúkọ tó ń jẹ́ lásán. Ọkùnrin náà ní, "Ó dáa, mà. Ẹ fi òmíràn síbẹ̀, a ó dúró dè yín."

"Èwo?"

"Èyíkéyìí, mà."

"O ní ìwé yìí máa wọ ilé ìwé. Nínú àwọn ọmọ tó máa kà á, orúkọ èwo ni kí n mú?"

Ọkùnrin náà wò mí, mo wo ilẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, orúkọ àwọn tó mọ̀ nìkan ni kò lè kọ. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ọmọ Sìdí lọ́wọ́, gbogbo ọmọ ti wá di ọmọ Sìdí lójú ẹ̀.

Ohun tó padà ṣe nìyí, tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ó mú orúkọ tiẹ̀, Mojísọlá, ó fi sọ obìnrin náà. Ó ní orúkọ ara òun nìkan ni òun láṣẹ lé lórí. Ìyá mi bínú tán, ó ní ṣé kí wọ́n máa fi ìyá òun kọ orin ni. Màmá ní, "Orúkọ mi ni. Bàbá tó sọ mí ti kú, ta ló máa mú mi?"

Ó ń tún ìwé náà kọ, mo sì ń gbọ́ ọ. Mojísọlá ti ilẹ̀kùn, ó di pé torí kí ọmọ má bàa jáde sínú òjò ni. Mojísọlá lọ sọ́jà, ó di pé agbo ló fẹ́ lọ rà. Nígbà tó ṣe, ó ti ń sáré padà bọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo gbọ́ bí ìwé náà ṣe ń kú lọ lójú mi, mi ò mọ bí a ṣe ń sọ irú ẹ̀ fún ìyá àgbà. Ṣé kí n ní kó ṣe ara ẹ̀ ní apànìyàn dáadáa ni?

Nígbà tí a dé Ìbàdàn, Báírò Pupa gbé ìwé náà sílẹ̀, kò sí ìlà pupa kan nínú ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti tán. Ó ní, "Màmá, ẹ ti ń bá a bẹ̀bẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ kú nínú ìwé yìí, mà, kò sì sẹ́ni tó pa á."

"Mo ní mo mọ̀."

Ó bẹ Màmá kó jẹ́ kí àwọn tẹ èyí tó ti wà lọ́wọ́ àwọn, ti Ayéwùmí. Màmá ní kó dá a padà fún òun. Ọkùnrin náà dìde, ó mú un wá, ó sì sìn wá dé ẹnu géètì. Ó ní, "Màmá, ìwé dáadáa lẹ̀ ń gbé lọ yìí o." Màmá ní, "Ọmọ dáadáa náà ni."

Nígbà tí a délé, ó fi yíǹkì dúdú pa Ayéwùmí rẹ́ níbi gbogbo tó wà, ó kọ Obìnrin Yẹn sórí ẹ̀, ó ti ìwé náà sísàlẹ̀ àpótí aṣọ. Kò kọ nǹkan mọ́. Tábìlì kékeré yẹn wá di ibi tó ti ń kọ́ ọmọ Sìdí ní á, bí, dí. Wùmí la ń pe ọmọ náà. Ó gbọ́n, ó lẹ́nu, kò tíì wọ ilé ìwé tó fi mọ ìwé kà. Bí Màmá bá pè é, ó máa ń pe orúkọ náà pé, gbogbo ẹ̀, jẹ́jẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń ná an.

Nígbà tí àìsàn dé, àwọn dókítà ìjọba ń daṣẹ́ sílẹ̀. A gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ẹgbẹ́dá. A dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká, ìyá mi, àwọn àbúrò ẹ̀, èmi, bí a ṣe pọ̀ tó yẹn, a ò wúlò fún nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì kan wá wọn ìfúnpá ẹ̀. Màmá la ojú, ó ní, "Kí lorúkọ ẹ?" Nọ́ọ̀sì sọ ọ́. "Ta ló sọ ẹ́ bẹ́ẹ̀?" Nọ́ọ̀sì náà ní, "Màmá, ẹ sinmi." Ìbéèrè yẹn ni ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ kẹ́yìn, ẹnì kankan ò sì dá a lóhùn. Ó ń dùn mí títí di òní.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí ní kí n kó ẹrù ẹ̀ jọ. Mò ń ká aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí Wùmí wọlé, kò ké àgò, ó ti sọ yàrá yẹn di tiẹ̀. Ó rí ìwé náà nísàlẹ̀ àpótí. Kí n tó yíjú, ó ti jókòó sórí ẹní, ó ti ń kà á. Ó yẹ kí n gbà á. Mi ò gbà á. Ìwé tí Màmá kọ ni, Màmá ló sì kọ́ ọ ní ìwé kà, mi ò mọ ohun tí màá fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mò ń ká aṣọ kan náà, mò ń tú u, mò ń tún un ká.

Kò sunkún bí ìyá ẹ̀ nígbà tó dé ibi ilẹ̀kùn. Ó fajú ro. Ó gbé ìwé náà sókè síbi ojú fèrèsé, ó ń wo ẹ̀yìn yíǹkì dúdú. Màmá ti pa á rẹ́ dáadáa, kò rí nǹkan kan.

"Àǹtí, kí lorúkọ obìnrin yìí?"

"Kò lórúkọ."

"Ó ní. Wọ́n kọ ọ́ síbí, wọ́n wá pa á rẹ́." Ó tún gbé e sókè. "Kí ló dé tí Màmá pa á rẹ́? Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò sì mọ orúkọ ẹ̀."

Mo na ọwọ́, mo gba ìwé náà jẹ́jẹ́, mo dì í mọ́ àyà.

"Wùmí," mo ní, "ìyá ẹ ń pè ẹ́."

Kò sẹ́ni tó pè é.